Ilé Tí Okùn Kò Dé

Iṣẹ́ okùn ni mò ń ṣe. Kì í ṣe okùn àwọ̀n bíi ti àwọn tó bí mi, okùn fáíbà ni, èyí tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ilé àwọn èèyàn ní Warri. Gíláàsì ni inú rẹ̀, ó tín-ín-rín bí irun orí ọmọ tuntun, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń sáré nínú rẹ̀. Bí ó bá já, èmi ni wọ́n ń pè. Màá jókòó sétí gọ́tà ní Ekurede-Urhobo tàbí Ugbolokposo, pẹ̀lú agbòòrùn lórí, màá nu ẹnu méjèèjì mọ́ tónítóní, màá gbé wọn kojú ara wọn nínú ẹ̀rọ kékeré kan, iná á tàn wàì, wọ́n á sì di ọ̀kan. Àwọn ọmọ àdúgbò tó máa ń dúró wòran ló sọ mí ní Madam Fiber. Orúkọ náà kò bí mi nínú.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju bó ti yẹ lọ. Pé ìwàásù pásítọ̀, eré bọ́ọ̀lù àti ìjà tọkọtaya tí wọ́n wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè gba inú irun kan ṣoṣo kọjá láìkọlu ara wọn, ó ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ń fojú tín-ín-rín wo wáyálẹ́ẹ̀sì nígbà tí ilé iṣẹ́ wa kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lójú mi, ohun tí kò lókùn kò ní gbòǹgbò. Afẹ́fẹ́ ni, ta ló sì ń di afẹ́fẹ́ mú? Mo máa ń sọ ọ́ ketekete níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, wọn a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń gbèjà oúnjẹ mi.

Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tí mi ò lè fa okùn dé, ilé ìyá mi sì ni.

Orí omi ni ilé náà wà. Bàbá ìyá mi, apẹja láti etíkun Ìlàjẹ, ló kọ́ ọ sórí òpó nígbà tó kó ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì wá sí ẹsẹ̀ odò yìí. Láti etí omi Warri, ọkọ̀ lèèyàn máa wọ̀ dé ibẹ̀. Pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, páànù ni òrùlé àti ògiri rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ibi tí ìyá mi ti ń yan ẹja wà, èéfín ibẹ̀ sì ti wọ gbogbo nǹkan inú ilé, títí kan Bíbélì. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá bá mi gbé ní Okumagba Layout. Ó ní bí òun bá dùbúlẹ̀ tí òun ò gbọ́ omi lábẹ́ ibùsùn, ṣe ló máa ń ṣe òun bíi pé wọ́n ti sin òun.

Àṣà kan wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará orí ilẹ̀ kì í mọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í gun àkàbà láìpè. Bí ọkọ̀ rẹ bá ti sún mọ́ ilé, wàá dá àjẹ̀ dúró, wàá pè pé, "Àgò onílé o," wàá sì dúró títí ará ilé á fi dáhùn pé, "Àgò yà." Ẹni tó bá gun àkàbà láìpè, olè ni, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òkú ló gbé wá. Bó o tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé, o gbọ́dọ̀ pè. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, ebi ń pa mí, mo gun àkàbà láìsọ̀rọ̀. Ìyá mi dá mi padà sínú ọkọ̀, ó ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, lọ sílé ọkọ ní etíkun Ìlàjẹ, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀. Ọdọọdún ni omi ń sún mọ́ wọn. Ó kọ́kọ́ mú ojú ọ̀nà, ó mú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó yá ó wọ yàrá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kó o lọ sọ́dọ̀ ní Ìgbọ́kọ̀dá, àmọ́ gbogbo ohun tó fi ń rántí ayé rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ òkun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, tó fi di pé ṣe ló dà bí ẹni tó ń gba ojú ihò kọ́kọ́rọ́ wòta. Dókítà sọ fún wọn pé èyí tó ti lọ kò ní padà, ìyókù náà kò sì ní pẹ́ lọ.

Ó wá ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ilé bàbá àwọn kí ojú òun tó pa, torí ilé yẹn nìkan ló kù láyé tí òun gbé rí. Kò lè rìnrìn àjò mọ́. Orúnkún rẹ̀ ò gba mọ́tò, ká má tíì wá sọ ti ọkọ̀ omi. Ó ní kí a fi fóònù fi ilé náà han òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé orí ilẹ̀ á ní kí ló le níbẹ̀. Ní ilé ìyá mi, fóònù máa ń gbé ohùn bó bá wù ú, ṣùgbọ́n ẹ má bi í léèrè àwòrán. Mo wá rò pé mo gbọ́n. Mo ya fídíò gbogbo ilé, láti orí àkàbà títí dé ibi ìyan ẹja, mo sì fi ránṣẹ́ nígbà tí mo padà dé Okumagba Layout. Ìyá Àgbà wò ó, ó ní kí wọ́n pè mí.

"Ọmọ mi, o ṣeun," ó wí. "Ṣùgbọ́n mo ní kó yà sápá òsì, kò yà. Mo kí àbúrò mi, kò dá mi lóhùn."

"Fídíò ni, Mà. Mo ti yà á tẹ́lẹ̀ ni."

"Ohun tó ti kọjá kọ́ ni mo ní kó o fi hàn mí. Mo ní mo fẹ́ wọ ilé bàbá mi."

Èdè Ìlàjẹ ló fi sọ ọ́, ó sì wúwo ju bí mo ṣe kọ ọ́ síbí yìí lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Èmi tí mò ń so àwọn àjèjì pọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mi ò lè so ìyá mi pọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo bá pinnu pé fáíbà máa dé ilé yẹn, ohun tó bá gbà ni màá fún un.

Ó bọ́ sí àkókò tí ilé iṣẹ́ wa fẹ́ fa okùn lọ sí ilé ìwé kan ní òdìkejì odò, iwájú ilé wa gan-an ló sì máa gbà kọjá. Mo bẹ ọ̀gá mi pé kó jẹ́ ká fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ìyá mi. Ọmọ Urhobo ni ọ̀gá mi, kì í yára bínú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Nígbà tí omi fà, a wọ ẹrẹ̀ dé itan, a ri okùn náà mọ́lẹ̀ nínú páìpù rẹ̀, mo sì fọwọ́ ara mi so ẹ̀ka tiwa. Nígbà tí omi kún padà, ojú odò dán bí ẹni pé a ò fọwọ́ kàn án rí. Ó ku kí wọ́n tan ẹ̀ka tiwa, mo sì ti ń sọ fún Ìyá Àgbà pé kó fọkàn balẹ̀.

Ohun tí kò wá sí ọkàn mi, èmi ọmọ odò, ni òpó ọkọ̀. Ẹrẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bó bá ti ṣí kúrò nídìí òpó tí a ń so ọkọ̀ mọ́, òpó á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, àwọn èèyàn wa á fà á tu, wọ́n á fi ẹsẹ̀ wá ibòmíràn tó le nísàlẹ̀ omi, wọ́n á sì rì í síbẹ̀. Ìyá mi fi ẹsẹ̀ wá ibi tó le. Ó rí i. Ó mú igi gbọọrọ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ó bẹ àwọn géńdé àdúgbò kí wọ́n bá òun gbá a wọlẹ̀ dáadáa. Ibi tó le yẹn, páìpù wa ni.

Ilé ìwé pe ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ pè mí. Mo gbé ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí okùn ti já, ẹ̀rọ náà ò sì wo ojú ẹnikẹ́ni, iwájú ilé wa ló tọ́ka sí. Mo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ ìyá mi ni mo kọ́kọ́ rí, ó so típẹ́típẹ́ mọ́ òpó tuntun. Mo pe àgò, ó dáhùn, mi ò tilẹ̀ tíì gun àkàbà tán tí mo fi bi í.

"Ìyá, ta ló ri òpó yìí?"

"Èmi ni. Ṣé o rí bó ṣe dúró? Ibẹ̀ le."

"Orí okùn wa lẹ rì í sí o, Mà. Ó ti gé e."

Ó wo òpó, ó wo omi, ó wá wò mí. "Ẹ sin nǹkan sínú omi, ẹ ò fi àmì síbẹ̀," ó wí. "Ṣé ẹja ló máa sọ fún mi?"

Inú bí mi, ẹ̀rín sì tún ń pa mí. Nígbà tó wá yé e pé okùn tí ẹ̀gbọ́n òun ń dúró dè ni òun fi igi gún, ó jókòó sórí pákó. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ Ìyá Àgbà pè láti Ìgbọ́kọ̀dá pé ojú òsì ti pa pátápátá, ọ̀tún sì ti ń ṣe bàìbàì.

Mo lọ bá ọ̀gá mi kí n lè bẹ̀ ẹ́ pé ká tún un fà. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Madam, we no dey enter that mud again," ó wí. "Oga dem don talk am. Na wireless we dey carry go." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jà, mo ní owó tí wọ́n fẹ́ dá sí ni wọ́n torí rẹ̀ ń sáré kiri. Ó ní kí n jókòó. Ó fa àga fún mi, ó sì sọ ohun tí mo ti ń fi ojú ara mi rí láti ọjọ́ yìí wá tí mi ò fẹ́ gbà.

Ó ní kí n ronú sí ohun tó ń gbà wá láti fa okùn kọjá àdúgbò kan ṣoṣo ní Warri. A máa kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ká tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò á wá bèèrè deve, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ wọn, bí a bá sì ré ìkóríta kọjá, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ló ń dúró níbẹ̀. Bí a bá gbẹ́ kòtò tán, òjò á sọ ọ́ di adágún. Bí a bá ri okùn tán, àwọn tó ń ṣe títì á gbé katakata wá, wọ́n á hú u jáde bí ẹni hú iṣu. Gbogbo wàhálà yẹn kí ilé kan ṣoṣo tó rí íńtánẹ́ẹ̀tì, onílé náà sì lè kó lọ lóṣù tó ń bọ̀, kí okùn rẹ̀ máa jẹrà lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ bí a bá gbé rédíò, ẹ̀rọ tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ lójú afẹ́fẹ́, sórí máàsì kan, òpó irin gíga, gbogbo ilé tó bá ti lè rí orí máàsì yẹn lókèèrè lè gbà á lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá ń kó lọ á gbé àpótí kékeré tó fi ń gbà á mọ́ra. Ó ní òun mọ̀ pé níbi tí ilé bá ti há mọ́ra tí ilẹ̀ sì gbẹ, fáíbà kò láfiwé, kì í falẹ̀ bí èrò bá pọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ omi ńkọ́?

"For this Warri," ó wí, "na only air nobody dey collect deve for."

Mo rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Mo bi í pé ṣé iṣẹ́ tèmi ti parí nìyẹn.

"Wetin you think say dey feed the mast?"

Kí á sọ òtítọ́, mi ò tíì rò ó dé ibẹ̀ rí. Fáíbà ló ń gba abẹ́ ilẹ̀ dé ìdí máàsì, ó gun òkè dé ẹsẹ̀ rédíò, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Okùn tí mo fi ọwọ́ mi so ní ìgboro ló ń fò lórí omi lọ. Ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀yìn ilé ara rẹ̀ hàn án.

Lọ́jọ́ tí a gbé àpótí lọ sílé ìyá mi, mo kọ́kọ́ gbé e kọ́ sínú yàrá nítorí olè àti òjò. Kò gba nǹkan kan. Ògiri páànù ń dá a padà. Mo bá gbé e jáde, mo kàn án mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí ibi tí orí máàsì ti yọ lókèèrè lókè àwọn igi ẹ̀gbà etí odò, mo fi wáyà sólà tí ìyá mi fi ń tan gílóòbù fún un níná. Iná pupa tàn, ó ń ṣẹ́jú, ó wá di àwọ̀ ewé.

Mo yíjú wo àárín ilé wa àti máàsì yẹn. Mo wò ó dáadáa. Omi wà níbẹ̀, èéfín ẹja tí ìyá mi ń yan, àti ẹyẹ funfun kan tó ń lọ sílé rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn. Síbẹ̀ ohun gbogbo ń gba ibẹ̀ bọ̀. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù iṣẹ́ náà kọ́kọ́ bà mí, irú ẹ̀rù tó máa ń ba èèyàn nígbà tó bá dúró létí òkun fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo na ọwọ́ síta ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí òmùgọ̀, bóyá màá fara kan nǹkan kan. Ìyá mi rí mi, kò bi mí léèrè.

Mo pe Ìgbọ́kọ̀dá. Ojú Ìyá Àgbà yọ lórí fóònù, ó mọ́ kedere, ọmọ rẹ̀ gbé fóònù tiwọn sún mọ́ ojú ọ̀tún rẹ̀. Ìyá mi ti we gèlè, ó ti jókòó dè é. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ wò ó, ẹ ti wà nílé."

Ó wò yíká. "Inú ibo ni mo wà yìí?"

"Inú pálọ̀, Mà."

"Ta ló dá mi lóhùn kí n tó wọlé?"

Kò dúró gba èsì.

"Gbé mi padà sínú ọkọ̀," ó wí.

Mo wo ìyá mi, ìyá mi sì ń mi orí pé òótọ́ ló sọ. Mo gbé fóònù náà, mo sọ̀ kalẹ̀ àkàbà. Bí mo ṣe ń sọ̀ ni mò ń ronú pé, okùn wo nínú gbogbo okùn tí mo ti fà láyé mi ni ìbá bá mi sọ̀ kalẹ̀ báyìí? Ká ní páìpù yẹn kò bà jẹ́ rárá, inú pálọ̀ ni okùn náà ìbá parí sí, ògiri páànù ìbá sì sé ohun gbogbo mọ́ ibẹ̀. Ìyàwó aládùúgbò wa wa ọkọ̀, èmi jókòó síwájú, mo gbé Ìyá Àgbà sókè ní ọwọ́ mi méjèèjì. A lọ jìnnà jù níbẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ dì lórí fóònù. A wa ọkọ̀ padà díẹ̀, ó sì tún mí, ó ṣẹ́jú. Mo yí fóònù kí ó lè kọjú sí ilé. Ìyàwó aládùúgbò dá àjẹ̀ dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

"Àgò onílé o."

Ohùn rẹ̀ jáde lójú omi, ó ga, ó sì mì díẹ̀. Ìyá mi ti bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó la ẹnu.

"Àgò yà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wọlé."

A wa ọkọ̀ dé ìdí àkàbà. Ìyá Àgbà ní kí n dúró níbẹ̀ ná. Bàbá wọn ti fi àdá gé àmì sí ara òpó àkàbà, níbi tí omi kún dé ní ọdún tí omi pọ̀ jù lọ nígbà ayé rẹ̀. Ó ní kí n gbé òun sún mọ́ àmì náà. Mo gbé fóònù sísàlẹ̀. Ó ń yí orí sọ́tùn-ún sósì níbẹ̀ ní Ìgbọ́kọ̀dá, ó ń wá a pẹ̀lú ìwọ̀nba ojú tó kù fún un.

"Ṣé omi ti kọjá rẹ̀?"

"Kò kọjá, Mà. Ìsàlẹ̀ àmì ni omi wà."

Ó rí i. Mo mọ̀ pé ó rí i, torí ojú rẹ̀ dúró sójú kan. "Ilé kan ṣì kù fún wa," ó wí, ó sì ń sunkún, èmi náà ń sunkún nínú ọkọ̀, inú mi sì dùn débi pé mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe nínú méjèèjì. Nígbà tí a gòkè, ó ní kí n yà sápá òsì, mo yà. Ó ní kí n ṣí ilẹ̀kùn yàrá, mo ṣí i. Ó bi àbúrò rẹ̀ ní ìbéèrè, àbúrò rẹ̀ sì dá a lóhùn.

Ojú Ìyá Àgbà ti pa tán báyìí. Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń pè, àwòrán ló sì ní kí wọ́n máa fi pè. Ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé ohùn nìkan tó, nígbà tó jẹ́ pé kò ríran mọ́, àwòrán sì ń jẹ dátà. Ó ní, "Èmi ni mi ò ríran. Ojú àbúrò mi ò tíì fọ́."

Ìyá mi á we gèlè rẹ̀ dáadáa, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ àpótí funfun yẹn, á sì gbé fóònù ka iwájú. Ìyá Àgbà á pe àgò láti Ìgbọ́kọ̀dá, ìyá mi á dáhùn, á sì máa wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí dátà á fi tán.